Ohun Tí A Kì Í Yẹ̀ Wò Ni Ikán Ń Jẹ

Ọ̀rọ̀ kòkòrò kékeré kan ni mo mú wá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí, ìyẹn ni ikán. Ikán ni mo wí o, n kò wí pé ikàn. Ẹni tí kò bá ka àmì ohùn sí lè rò pé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ yín ní sísè. Àwa ni à ń jẹ ikàn. Ikán ni ó ń jẹ wá.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ikán, ṣé àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ti tán ní yunifásítì ni? Wọn kò tán. Ṣùgbọ́n bí ikán bá ń bọ̀ wá wọ ilé, kì í bèèrè ẹ̀kọ́ tí onílé kọ́. Ó ń jẹ ilé ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń jẹ ilé àgbẹ̀, ó ń jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jẹ mọ́ṣáláṣí, ó sì ń jẹ páálí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yàtọ̀ sí èyí, láàrin àwa Yorùbá, ilé kì í ṣe ibi tí a ń sùn nìkan. Òun ni ẹ̀rí pé ènìyàn wá sáyé, ó sì ṣe nǹkan. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó fi owó ìfẹ̀yìntì parí ilé tí ó ti ń kọ́ bọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ikán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àjà ilé náà kí àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó jáde ìwé. Ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ làálàá ogún ọdún di ìyẹ̀fun kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi sílẹ̀ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Èrò tèmi lórí rẹ̀ kò gùn, mo sì lè wí i ní gbólóhùn kan: ohun tí a kì í yẹ̀ wò ni ikán ń jẹ. Owó tí a ń ná sórí oògùn ikán pọ̀. Ojú tí a fi ń wo ilé kò tó. Bí a bá lè yí i padà, kí ojú ó pọ̀ ju oògùn lọ, apá tí ó le jù nínú ìjà náà ti parí.

Bí ikán bá ba ilé jẹ́ tán, ohùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Ohùn kìn-ín-ní ni ti ẹni tí ó ní, 'Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó ní ikán, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i.' Ohùn kejì ni ti ẹni tí ó ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, pé àwọn tí kò fẹ́ kí ilé náà dúró ni ó rán ikán sí i. Ohùn kẹta ni ti ẹni tí ó gbé ìgò oògùn wá, tí ó ní kí a ṣáà ti fọ́n ọn, gbogbo rẹ̀ yóò parí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bi onílé pé, 'Nígbà wo ni ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín kẹ́yìn?' Èmi yóò gbìyànjú láti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ikán í ṣe, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀tá rẹ̀ yóò máa ju òkò sínú òkùnkùn ni.

Oríṣi ikán tí àwọn onímọ̀ ti kà ní ayé sún mọ́ 3,000. Àwọn tí ń ba ilé àti ohun ọ̀gbìn jẹ́ nínú wọn kéré níye. Àwọn ìyókù wà nínú igbó àti ní ọ̀dàn, wọ́n ń jẹ igi tí ó ti kú, koríko gbígbẹ, ewé tí ó já bọ́ àti ìgbẹ́ ẹran, wọ́n sì ń dá wọn padà fún ilẹ̀. Bí kò bá sí wọn, òkú igi ìbá kún inú igbó wa ju báyìí lọ. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán wúlò fún àwọn ìyá wa láti rẹ́ ilẹ̀ ilé àti láti mọ ààrò. Olú tí ń hù ní ìdí ọ̀gán di ọbẹ̀. Esunsun tí ń fò jáde lẹ́yìn òjò di ìpápánu fún tọmọdé tàgbà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀gán tí a bá rí lóko ni kí á gbé ọkọ́ tì. Ikán kò di ọ̀tá wa títí a fi gbé ilé kalẹ̀ sí àárín oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn Òyìnbó a máa pè é ní èèrà funfun, àwa náà sì ti ń tẹ̀ lé wọn pè é bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹbí rárá. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2007 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé inú ìdílé aáyán ni ikán ti ṣẹ̀ wá. Èèrà ní tirẹ̀, agbọ́n àti oyin ni ó bá tan. Kódà, nínú gbogbo àwọn tí ń pa ikán jẹ, bóyá ni a lè rí èyí tí ó burú tó èèrà.

Ìlú ni ikán ń tẹ̀ dó. Ọba wà níbẹ̀, ayaba wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé nínú yàrá kan náà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ayaba àwọn ikán tí ń mọ ọ̀gán ńlá lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ní ọjọ́ kan, ó sì lè lò ju ọdún 10 lọ láyé. Àwọn jagunjagun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu wọn le fún ìjà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi bọ́ ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń fún wọn lóúnjẹ. Bí ewu bá dé, jagunjagun a máa fi orí gbá ilẹ̀ léraléra bí ẹni ń lùlù, kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó pọ̀ jù, àwọn gan-an ni ó sì ń jẹ ilẹ̀kùn wa. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ oríṣi ikán, òṣìṣẹ́ yìí fọ́jú. Ara rẹ̀ rọ̀, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá sì bá a níta, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ kú.

Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Ohun tí à ń pè ní àrékérekè ikán, ìbẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Nítorí pé kò lè fara da gbígbẹ ni ó ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀, itọ́ àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ mọ ọ̀nà tóóró lórí ògiri, kí ó lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin. Nítorí rẹ̀ náà ni ó ṣe ń jẹ inú igi tí ó sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn yóò dúró gbọnyin lójú, ọ̀dà rẹ̀ yóò máa dán, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka tì í, ìka yóò wọlé bí ẹni ti ìka bọ àkàrà. Ẹ̀dá tí kò lè gbé láìsí omi àti òkùnkùn, àwa ni a sì ń pèsè méjèèjì fún un.

Ó yá kí á dá ohùn kìn-ín-ní lóhùn. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ ní ikán. Ilẹ̀ wo ni kò ní ikán nílẹ̀ Yorùbá, láti etí òkun títí dé ọ̀dàn Ọ̀yọ́? Síbẹ̀ a ń rí ilé méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ikán jẹ ọ̀kan tí kò sì jẹ èkejì. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà ni ó yàtọ̀. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni ikán ń bá wọ ilé.

Èkíní ni igi tí ó kan ilẹ̀. Bí bíríkìlà bá fẹ́ da kọ́ǹkéré ìpìlẹ̀, pákó ni ó ń gbá yí i ká. Bí kọ́ǹkéré náà bá gan tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yọ pákó náà. Wọn a ru yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kùkùté àti gbòǹgbò igi tí a gé lórí ilẹ̀ náà, wọn a sin wọ́n sábẹ́ ilé. Àsè ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ikán yẹn kí onílé tó kó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni férémù ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, igi ìdáná tí a tò ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, àti àjẹkù pákó tí a kó sí abẹ́ àtẹ̀gùn nítorí pé yóò wúlò lọ́jọ́ kan. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé a máa wí pé kí àlàfo láàrin igi ilé àti ilẹ̀ má ṣe dín ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí àlàfo yìí wà fún. Kò dí ikán lọ́nà, nítorí ikán lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi ipá mú ikán láti mọ ọ̀nà rẹ̀ sí gbangba, níbi tí ojú onílé yóò ti tó o. Ẹni tí kò bá wá wò ó, àlàfo náà kò wúlò fún un.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni omi. Páìpù tí ń jò lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, páànù tí ó lu, gọ́tà tí ó ń da omi òjò sí ìdí ilé, ilẹ̀ tí ó dà sọ́dọ̀ ilé dípò kí ó dà sẹ́yìn, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń sọ ìdí ògiri di ibi tútù tí ikán ń wá kiri. Bí a bá dáwọ́ omi náà dúró, a ti gba ohun tí ó ṣòro fún ikán jù lọ láti rí lórí ògiri gbígbẹ.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni ojú sísán. Ikán kì í jẹ kọ́ǹkéré, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá sán tí ó tó mìlímítà 1, ọ̀nà ọba ni lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni etí páìpù tí ó gba inú ilẹ̀ ilé kọjá, tí a kò fi sìmẹ́ńtì dí. Láti ọdún 1957 ni Walter Ebeling àti ẹnìkejì rẹ̀ ti fi hàn ní California pé a lè fi iyanrìn nìkan dí ikán lọ́nà, bí a bá sẹ́ ẹ kí hóró rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 2. Hóró bẹ́ẹ̀ tóbi jù fún ikán láti fi ẹnu gbé, àlàfo tí ó wà láàrin wọn sì kéré jù fún un láti gbà kọjá. Ní Australia àti ní Hawaii, àwọn kan ti ń da irú òkúta wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ilé dípò oògùn. Èyí fi hàn wá pé mímọ ìwà ẹ̀dá lè ṣiṣẹ́ ju májèlé lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa náà kò jókòó lásán. Wọ́n mọ igi tí ikán kì í fẹ́ jẹ. Wọn kì í fi arère tàbí àfàrà ṣe òpó ilé bí ìrókò tàbí apá bá wà. Iná igi tí wọ́n ń dá nínú ilé lójoojúmọ́ sì ń jẹ́ kí èéfín àti ooru gun òkè àjà lọ, ibẹ̀ a sì máa gbẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ilé alámọ̀ kì í jẹ́ kí onílé sùn: lọ́dọọdún ni wọ́n ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n ń tún koríko òrùlé ṣe, tí wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ rí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Sìmẹ́ńtì àti páànù dé, a rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọdọọdún náà. Igi pàápàá ti yàtọ̀. Inú ìrókò tí ó dúdú ni ikán kì í fẹ́. Ara rẹ̀ tí ó funfun lẹ́bàá èèpo, ikán ń jẹ ẹ́. Bí a bá gé ìrókò ní kékeré, funfun yìí ni yóò pọ̀ jù nínú pákó rẹ̀. Nítorí náà, kí onílé má ṣe fi orúkọ ìrókò nìkan tu ara rẹ̀ nínú. Kí ó wo pákó náà kí káfíńtà tó kàn án.

Ní ti ohùn kejì, n kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: bí ó bá jẹ́ ọmọ aráyé ni ó rán ikán, ta ni ó rán páìpù tí ó ti ń jò láti ọdún mẹ́ta tí onílé kò sì pe ẹni tí yóò tún un ṣe? Ewu tí ó wà nínú kí á máa wí pé ayé ni, ó ju kí igi bàjẹ́ lọ. Ìdílé ni ó ń túká. Mo mọ̀ pé ilé lè wó kí a sì kọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ẹ̀sùn kan ìyá àgbàlagbà kan nítorí àjà tí ikán jẹ, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣeé gbé mì mọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ikú ilé tí mo ń wí níhìn-ín ni àìbìkítà wa.

Ó ku ohùn kẹta, ohùn ẹni tí ó ní ìgò oògùn lọ́wọ́. N kò wí pé oògùn kò ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, aldrin, dieldrin, chlordane àti heptachlor ni wọ́n ń dà sábẹ́ ilé káàkiri ayé. Wọ́n pa ikán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀; wọ́n ń bá omi àti oúnjẹ wọ inú ọ̀rá ara ènìyàn, wọ́n sì ń dé inú ọmú ìyá. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Stockholm ní 2001, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú májèlé 12 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹnu kò láti mú kúrò nílẹ̀. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Lindane, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ sí Gammalin, wọ inú àkọsílẹ̀ náà ní 2009. Ẹni tí ó bá ṣì ń ta irú nǹkan wọ̀nyí fún yín nínú ìgò tí kò ní orúkọ, ikú ni ó ń tà.

Àwọn oògùn tí a ń lò lónìí yàtọ̀. Àwọn kan wà tí ikán kì í mọ̀ pé ó wà nílẹ̀. Yóò rìn kọjá nínú rẹ̀, yóò sì fi ra àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Àwọn mìíràn jẹ́ ìjẹ tí òṣìṣẹ́ yóò gbé lọ sílé, tí yóò sì pa ìlú wọn díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀nyí dára ju fífọ́n lọ, nítorí ẹni tí ó fọ́n oògùn sórí ikán mélòó kan lára ògiri ti pa ọmọ ogun, kò tíì dé ààfin. Ayaba ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń yé. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí á pè, kí á sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí ó gbé wá. Ìgbà tí ó dára jù láti lo oògùn ilẹ̀ ni kí á tó da kọ́ǹkéré, kì í ṣe ìgbà tí àjà ti ń wó. Ní ti ewé dóńgóyárò, eérú àti ọ́ìlì ọkọ̀ tí ó ti dúdú, dóńgóyárò ní agbára díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí oòrùn àti òjò fi ń gbà á lọ. Ọ́ìlì ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú kí igi tètè gbiná.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti ikán tí ó ń ti inú ilẹ̀ wá. Oríṣi kan tún wà tí kò nílò ilẹ̀ rárá, inú igi gbígbẹ ni ó ń gbé. Àmì rẹ̀ ni ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó dà bí hóró iyanrìn, tí a ń bá lábẹ́ àga tàbí kọ́ńbọ́ọ̀dù. Bí ohun tí a rí bá kúnná bí èlùbọ́, kòkòrò igi mìíràn ni, kì í ṣe ikán. Aga àlòkù àti pákó tí a gbé wọlé láìyẹ̀ wò ni irú ikán yìí ń bá wá. Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí àwa tí ọ̀rọ̀ òwò ẹrú kàn mọ̀. Ní nǹkan bí 1840, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń kó ẹrú, wọ́n wọ́ ọ lọ sí erékùṣù St Helena, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì kó pákó rẹ̀ jọ sí Jamestown. Ikán wà nínú pákó náà. Láàrin ọgbọ̀n ọdún, ikán ti jẹ ìlú náà débi pé ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ní láti tún kọ́, ó sì wọ ilé ìkàwé wọn, ó jẹ àwọn ìwé ibẹ̀. Ẹnìkan ìbá ti fi òòlù kan pákó náà wò, ìtàn ìbá yàtọ̀.

Ilé ìkàwé tí mo dárúkọ yẹn ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwa gan-an. Ìwé, igi ni. Ohun tí ikán ń wá nínú pákó ni ó ń wá nínú bébà. Rìsíìtì ilẹ̀ tí bàbá fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, tí a kò ṣí fún ọdún mẹ́wàá, lè di ìyẹ̀pẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní kóòtù. Ẹ tún wo àpilẹ̀kọ àṣekágbá àwọn tí ó ti jáde ṣáájú wa. Nínú wọn ni ìjálá, ẹ̀ṣà, ekún ìyàwó àti oríkì ìlú wà, láti ẹnu àwọn àgbà tí ó ti di ará ọ̀run. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀dà kan tàbí méjì péré ni ó wà láyé. Èyí tí ikán bá jẹ nínú wọn, a kò lè padà lọ bi ẹni tí ó sọ ọ́. Ilé tí ó bá wó, owó lè kọ́ ọ; ohùn àgbà tí ó kú kò sí níbi tí a ti ń rà á.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí olúkúlùkù rìn yí ilé rẹ̀ ká. Kí ó wo ìdí ògiri, ẹ̀yìn balùwẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn àti òkè àjà. Kí ó fi ìdí ọ̀bẹ kan férémù. Èyí tí ó bá dún bí àgbá òfìfo, kí ó wò ó dáadáa. Bí ó bá rí ìyẹ́ esunsun jọ sí ojú fèrèsé láàárọ̀, kí ó mọ̀ pé ìlú ikán kan kò jìnnà sí i. Bí ó bá rí ọ̀nà amọ̀, kí ó fọ́ ibì kan lára rẹ̀, kí ó sì padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan; bí wọ́n bá ti tún un mọ, wọ́n wà níbẹ̀, ó sì tó àkókò láti pe onímọ̀. Àwa tí a ń gbé ilé àyágbé, kí á gbé páálí ìwé wa kúrò nílẹ̀, kí á sì fà á kúrò lára ògiri. Kí á sì sọ fún onílé kí ó tó pẹ́, nítorí kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Fún ẹgbẹ́ wa, àbá tèmi ni pé kí á ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí á lọ bá àwọn olùkọ́ wa gbọn yàrá ìwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Kí á fa ṣẹ́ẹ̀fù kúrò lára ògiri, kí á ṣí gbogbo páálí, kí á gbé èyí tí ó wà nílẹ̀ sókè, kí á sì ya àwòrán àwọn àpilẹ̀kọ tí ẹ̀dà wọn kò ju ọ̀kan lọ sínú kọ̀ǹpútà. Kò gba owó púpọ̀, ọwọ́ ni ó gbà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ pọ̀, àsìkò kò sí. Ikán kì í wí bẹ́ẹ̀. Ó fọ́jú, ó rọ̀, kò tó ìdajì ìka, síbẹ̀ kì í sinmi, kì í sì í dá nìkan ṣiṣẹ́. Àwa tí a lójú, ẹ jẹ́ kí á fi ríran. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á fi òógùn ojú wa kọ́ oúnjẹ ikán. Àṣẹ.